Sàlẹ́ńsà Olóhùn Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ tí ọkọ̀ táńkà kan la ẹnu sọ fún Olóyè Ọ̀dọ̀fin ìlú Àgbélókè pé "Má bọ̀!", bí ẹni tó ń lé ajá kúrò nídìí ìkòkò, ni gbogbo wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ò ṣe nǹkan kan. Ó di okùn mú, ó rọra ń lọ sílé àna rẹ̀ nínú eruku. Àfi gbàà! Ohùn sàlẹ́ńsà bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Má bọ̀! Má bọ̀!", Ọ̀dọ̀fin sì ṣubú sínú gọ́tà tòun ti agbádá. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, kò fara pa, ṣùgbọ́n inú ń bí i gidigidi.

"Èmi!" ni bàbá ń pariwo. "Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́sàn-án! Irin lásánlàsàn ń sọ fún mi pé má bọ̀! Kò tiẹ̀ fi 'ẹ' sí i!"

A rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ojú ara mi ń tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí èèyàn ti ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọdún kẹtàléláàádọ́ta Ìgbà Eruku la wà nígbà náà. Oṣù méje nínú ọdún, eruku funfun á sọ̀ kalẹ̀ bo ìlú wa, kò ní lọ, kò ní rọlẹ̀. Bí o bá na ọwọ́ síwájú, o ò ní rí ìka rẹ. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo òpópó. Okùn-ìrìn la ń pè é. Èèyàn á fi ìbomú bo imú, á di okùn mú, á máa fi etí rìn. Ojú ò wúlò fún wa mọ́ àfi nínú ilé.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọkọ̀ ìgbà tiwa kì í dún. Ẹ́ńjìnnì oníyọ̀ ni wọ́n ń lò: iyọ̀ gbígbóná ló ń gbé agbára pamọ́ sínú wọn, wọ́n sì ń yọ́ lọ bí ológbò; iná iwájú wọn kì í sì í tàn kọjá ìṣísẹ̀ mélòó kan nínú eruku. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn dé, wọ́n pa èèyàn mọ́kànlélógójì ní Àgbélókè nìkan. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, eruku dí i lẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rántí sàlẹ́ńsà. Àwọn bàbá wa ní láyé àtijọ́, páìpù tó ń gbé ariwo ẹ́ńjìnnì mì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Tiwa ń sọ̀rọ̀. Èémí gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ jáde, ó ń fẹ́ eruku dànù fúnra rẹ̀, àwọn ahọ́n irin kéékèèké inú rẹ̀ sì ń gbé ohùn náà lọ sókè sódò títí á fi dún bí ọ̀rọ̀: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀. Má bọ̀. Bí ojú ọ̀nà bá sì ṣófo, fèrè ìkọjá tó wà ní oríta á dún pé "Ẹ máa bọ̀", a ó sì kọjá. Ọmọ Àgbélókè ti mọ ohùn méjèèjì yìí kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ìbídùn ni olórí àwọn awakọ̀ táńkà omi, àwọn mọ́kàndínlógún. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n rí lórí sítíárín. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kan létí Gẹ̀rẹ́ Olómi, òkè tí gbogbo táńkà ń gùn láti odò wá sínú ìlú. Ọkọ ìyá yìí wà lára àwọn mọ́kànlélógójì. Okùn kan náà ni tọkọtaya náà dì mú lọ́jọ́ náà, ìyá wà lẹ́yìn. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi pé okùn ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń bẹ̀rù ọkọ̀, sàlẹ́ńsà tí wọ́n wá ṣe sì tún dá kún un. Bí ó bá ti gbọ́ "Má bọ̀!" gbàà yẹn, àyà rẹ̀ á já, á gbọ̀n, á ṣubú lulẹ̀, nígbà mìíràn á tọ̀ sára. Ó ti pé ọdún méjì tí kò ti jáde síta. Yàrá ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, ó fi òwú dí etí. Bí Ìbídùn bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bi í pé, "Ìbídùn, ṣé ìwọ lo kọjá lẹ́ẹ̀kan?" Ìbídùn á ní, "Rárá o, Màámi. Ẹlòmíì ni." Irọ́ ló ń pa lójoojúmọ́. Dókítà sì ti pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní ọkàn ìyá rẹ̀ ò lè gba ìró yẹn fún ọdún kan sí i.

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀dọ̀fin pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà, kò sí ẹni tó tètè dé ibẹ̀ tó Ìbídùn.

"Ohun tí a fẹ́ ò le," Ọ̀dọ̀fin ní. "Ohùn tó dùn, tí kì í pariwo, tó sì mọ àgbà. Kó ní 'Ẹ má bọ̀'. Kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

Ọ̀mọ̀wé Ṣówándé, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń rí sí sàlẹ́ńsà gbogbo agbègbè wa, dìde. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, eruku kì í kúrò lójú gíláàsì rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ohùn yẹn kò dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n kíkúrú rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là. Tí mo bá fi 'ẹ' síwájú rẹ̀, á gùn. Tí mo bá tún sọ ọ́ di jẹ́jẹ́, á túbọ̀ gùn. Ohun tó wà láàárín 'ẹ má bọ̀' àti 'ẹ máa bọ̀' ò ju kí ohùn fà díẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà mí."

"Ọmọ yìí," Ọ̀dọ̀fin ní, "ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ̀rọ ni mò ń sọ. Ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá. Mímí ló ń mí."

"Kó yáa gbọ́ ọ o! Àbí kó máa bú wa lọ báyìí?"

Ìgbà náà ni Ìbídùn dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìyá mi ń kú lọ nínú ilé. Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí Ọ̀mọ̀wé lọ ṣe é, wọ́n sì ní Ìbídùn ni kó yan èyí tó bá dára jù, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé etí rẹ̀ mú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ọ̀mọ̀wé to sàlẹ́ńsà mẹ́rin sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ń so wọ́n mọ́ ìdí táńkà Ìbídùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á sún síwájú díẹ̀, á dún. Èkíní ń han. Èkejì ń wúkọ́. Ẹ̀kẹta ń ránmú bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Wọ́n wá so ẹ̀kẹrin. "Ẹ má bọ̀," ó ní. "Ẹ má bọ̀." Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn náà dùn! Bí ìyàwó ilé kan tó ń sọ fún àlejò pé ilẹ̀ tutù, kó dúró ná. Ìbídùn di ẹnu mú. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Èyí ni," ó ní. "Èyí ni Màámi lè gbọ́ tí àyà wọn ò fi ní já."

Ọ̀mọ̀wé gbé awọnhùn sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan ni awọnhùn, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Bó bá ti gbọ́ ohùn, á fi í pamọ́ sínú, á sì kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ bó ṣe lọ sókè tàbí sódò. Ó kọ èyí náà: ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ má bọ̀. Kò sí àléébù kankan.

"Ó ku ká rọ omi kún ọkọ̀, ká fi gun Gẹ̀rẹ́," Ọ̀mọ̀wé ní. "Ìyẹn á di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń tún pọ́ǹpù odò ṣe."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀?" Ọkàn Ìbídùn ti wà nílé. "Ọ̀mọ̀wé, bí mo bá gbé ẹrù rù, ṣé n kì í sọ Yorùbá mọ́ ni?"

Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Ọ̀mọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ èsì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ òfìfo kì í mí bíi ti ọkọ̀ tó rù. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá àwa ará Àgbélókè jiyàn. Ó gbé ìwé ìfọwọ́sí kalẹ̀, Ìbídùn tẹ̀ka sí i. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, irú sàlẹ́ńsà kẹrin yìí ti wà nídìí gbogbo táńkà ìlú.

Lọ́jọ́ kìíní, Ìbídùn wa ọkọ̀ òfìfo kọjá níwájú ilé wọn, ó dúró, ó sáré wọlé. "Màámi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ohùn kan," ìyá ní. Kò gbọ̀n. Orí àga rẹ̀ ló wà. "Ta ni?"

"Èmi ni. Ọkọ̀ mi ni, Màámi."

Ìyá yọ òwú kúrò létí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní kó lọ, kó tún kọjá kí òun gbọ́. Ìbídùn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹrin, ìyá ti mú ọ̀pá, ó ti di okùn-ìrìn mú, ó ti dúró de fèrè ní oríta, ó sì ti sọdá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àlàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọn ò rí ara wọn fún ọdún méjì. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ohùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há mọ́ wọn lẹ́nu. Inú Ìbídùn dùn débi pé ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì sunkún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀rù dé. Wọ́n ti tún pọ́ǹpù ṣe, àwọn táńkà sì ti ń gbé omi. Ìbídùn ń gun Gẹ̀rẹ́ bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu, ó rọra ń bọ̀. Lójijì, iná iwájú ọkọ̀ tàn sára èèyàn. Ó tẹ bíréèkì pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, Tísà Awóyẹmí ló bá, tísà tó kọ́ gbogbo wa níwèé, ó dúró síwájú bọ́ńpà gan-an, àyè tó kù láàárín wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó ti fi okùn sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lókè ìbomú.

"Tísà! Kí lẹ̀ ń wá láàárín títì?"

"Ìbídùn, ṣé ìwọ nìyẹn? Fèrè ló ní ká máa bọ̀."

"Fèrè wo? Oríta ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, Tísà!"

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. Ó fọwọ́ kan bọ́ńpà, ó sì tètè gbé ọwọ́ kúrò. "Wọ́n pè mí," ó ní. "Mo gbọ́ ọ. Wọ́n pè mí dáadáa." Ìbídùn fà á lọ́wọ́ padà sídìí okùn, ó rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sórí àga awakọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró sójú kan lórí sítíárín títí ó fi wọ ìlú.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Rábíù, tó kéré jù nínú àwọn awakọ̀, wá bá a. Ojú rẹ̀ ti funfun, kì í sì í ṣe eruku.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò wa ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Obìnrin mẹ́rin. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n fi okùn sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi lójú títì. Ojú wọn ń rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n! Ìgbà tí mo dúró, tí ohùn ọkọ̀ dákẹ́, ni wọ́n tó dúró, wọ́n wá ń wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n."

Ọ̀rọ̀ kan tí kò rò rí wá sọ́kàn Ìbídùn: kò sí awakọ̀ kan tó tíì gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ láti ìta, pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, lórí òkè. Wọ́n dí gbogbo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí pinpin nítorí eruku. Nínú ọkọ̀, o ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀mọ̀wé lọ tààrà. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, kò sì wo ojú Ìbídùn. Ó ní, "Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ jù, èémí rẹ̀ á wúwo, á gbóná. Ahọ́n kejì lè máà tètè padé. Ohùn á wá gba àárín kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Màdáámú, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́!"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti lọ gbọ́ ọ." Ó tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀. "Láti ọjọ́ tí pọ́ǹpù ti padà ni mi ò ti sùn dáadáa."

Wọ́n pinnu pé lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo táńkà yòókù dúró. Rábíù á wa ọkọ̀ Ìbídùn gun Gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú omi, Ọ̀mọ̀wé á jókòó tì í, Ìbídùn á sì dúró ní oríta pẹ̀lú awọnhùn láti gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Rábíù kọ́kọ́ kọ̀, Ìbídùn bẹ̀ ẹ́. Kí ohùn méjì má baà dàrú mọ́ra wọn, ó lọ bá ẹni tó ń tọ́jú fèrè ìkọjá pé kó pa á fún wákàtí kan. Ẹni náà pa á. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún ìlú.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó jáde, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ má jáde lónìí o."

"Kí ló dé?"

Kò fẹ́ dẹ́rù bà á. "Eruku ló pọ̀, Màámi."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo ni kì í pọ̀?"

Ó dúró ní oríta, ó gbé awọnhùn kọ́ ọrùn, ó di okùn mú. Gbogbo ayé funfun. Kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí ara rẹ̀ nínú ìbomú lọ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè, ohùn tó fúnra rẹ̀ yàn, ó ń dún jẹ́jẹ́. Ẹ má bọ̀. Ẹ má bọ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀.

Ìbídùn mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ni, ó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Ìbẹ̀rù tí kì í kúrò léjìká ará Àgbélókè tó bá wà lójú títì kúrò léjìká rẹ̀, ó sì rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín nínú ìbomú. Nígbà tó máa fura, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí ọ̀dà. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára okùn.

"Yéè!" Ó fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá okùn mú. "Kí la fi kọ́ ìlú yìí lọ́rùn? Olúwa ò, kí la ṣe yìí?"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ló ti gbọ́ ọ̀pá. Kọ́, ṣùà. Kọ́, ṣùà. Apá òdìkejì títì ni, lókè díẹ̀ sí ibi tó wà. Ẹnì kan ti dúró de fèrè títí, fèrè kò dún. Bó ṣe gbọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wọ́ tẹ̀lé ọ̀pá.

Ọkọ̀ ti sún mọ́ tòsí. Ìbídùn já ìbomú kúrò lẹ́nu, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ okùn lọ sókè, eruku kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un kígbe. Ó pe ìyá rẹ̀, ó kígbe pé kó má bọ̀. Ó kígbe lẹ́ẹ̀mejì. Táńkà kọjá níwájú rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ gbá a mọ́ okùn, ohùn sàlẹ́ńsà bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà bíréèkì han. Lẹ́yìn náà kò sí ìró kankan mọ́.

Táńkà tó rù máa ń tètè dúró tó bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n ìyá ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ Rábíù tó kan bíréèkì. Rábíù ń ké nínú eruku, "Mo ti pa èèyàn! Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa èèyàn!" Ìbídùn fi ọwọ́ wá ìyá rẹ̀ lórí ọ̀dà títí ó fi kàn án. Ìbomú ṣì wà lójú ìyá náà, ó so ó dáadáa. Ó gbé e lé itan, ó jókòó sójú títì bẹ́ẹ̀ títí a fi dé.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìgbìmọ̀ ìlú jókòó. Wọ́n ti tú sàlẹ́ńsà kẹrin kúrò nídìí gbogbo ọkọ̀. Ọ̀dọ̀fin ò lè gbé orí sókè. "Èmi ni mo ní kó fi 'ẹ' sí i," ó ń sọ. "Èmi ni mo ní kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún mi." Ọ̀mọ̀wé ní òun lòun jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka sí ohun tí òun ò tíì dán wò tán. Kò sí ẹni tó bú ẹnì kan.

Ìbídùn ní, "Èmi ni mo yàn án. Mi ò sọ pé kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n mo pe Màámi. Kí ìlú mọ̀ pé mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n má bọ̀. Ariwo ọkọ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi." Ohun tó dì mú fún ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Kò jẹun, kò sùn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kù tó gbé e ró. "Awọnhùn wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀mọ̀wé, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Màdáámú," Ọ̀mọ̀wé ní, "kò pọn dandan." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ti gbọ́ ọ kó tó wá.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Etí ẹ̀rọ yẹn mú ju tiwa lọ. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. A gbọ́ ọkọ̀: "Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀." Ohùn dídùn yẹn, nínú yàrá tí a jókòó sí, àwọn kan nínú wa sún síwájú lórí àga láìmọ̀. A gbọ́ ọ̀pá. Kọ́, ṣùà. Kọ́, ṣùà.

Ọ̀pá náà dúró.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ìyá dúró. Ìyá tó ti ń bẹ̀rù ọkọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò gba ohùn yẹn gbọ́. A gbọ́ ọ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Èyí kì í ṣe fèrè."

Lẹ́yìn náà ni igbe Ìbídùn dé. Eruku ti dí i lọ́fun, èémí ti tán nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń fa ti ẹnikẹ́ni tó bá ń sáré gun òkè tó ń pe ìyá rẹ̀. "Màámi! Ẹ máaa bọ̀! Ẹ máaa bọ̀ o!" Awọnhùn kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ níwájú gbogbo wa: àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀.

"Mò ń bọ̀, Ìbídùn," ìyá dáhùn. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kọ́, ṣùà. Kọ́, ṣùà.

Ọ̀mọ̀wé na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Má ni mo sọ," Ìbídùn ní. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀dọ̀fin, Rábíù, èmi, gbogbo wa. "Ẹ gbọ́ mi, àbí? Má ni mo sọ." Ọ̀dọ̀fin dìde lórí àga oyè rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìbídùn ṣì ń gbìyànjú láti sọ ọ́ fún wa bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kó lè yé wa. Ṣùgbọ́n ó ti ń sunkún, gbogbo ìgbà tó bá sì la ẹnu, ńṣe ni 'má' náà ń fà.